Ìṣẹ́jú 40, ọmọ 58: ibo ni iṣẹ́ ọnà fẹ́ gbà wọ kíláàsì mi?

Tíṣà Kíláàsì 4 béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì.

Pírámárì 4 ni mo ń kọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Ọmọ 58, bẹ́ǹṣì 16. Ọdún karùn-ún mi lẹ́nu iṣẹ́ rèé. Lọ́dún tó kọjá wọ́n kó wa lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan, wọ́n ní kí á má ṣe fi iṣẹ́ ọnà mọ sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ nìkan mọ́, kí á máa fi orin, àwòrán, ìlù àti eré kọ́ ìṣirò, kọ́ sáyẹ́ǹsì, kọ́ èdè. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún wa ní bisikíìtì àti omi, a lọ sílé. Kò sẹ́ni tó sọ bí èèyàn ṣe ń ṣe é fún wa.

Mo gbìyànjú ẹ̀. Ìdá ni mo fẹ́ kọ́ wọn nínú ìṣirò. Mo ní kí oníkálukú ya búrẹ́dì, kó pín in sí mẹ́rin, kó kun apá kan. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ya búrẹ́dì! Ọ̀kan kọ orúkọ ilé búrẹ́dì sí i lára, òmíràn ya ẹyin tì í, ọ̀kan ya ìyá ẹ̀ níbi tó ti ń tà á. Orí ìjà kírẹyọ̀n pupa kan ṣoṣo la wà tí aago fi lù. Lọ́jọ́ kejì mo bi wọ́n pé kí ni ìdámẹ́rin. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Búrẹ́dì ni, Àǹtí."

HM wa, ìyẹn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, gba ẹnu ọ̀nà kọjá lọ́jọ́ náà. Kò bínú o. Ó kàn ní, "Àǹtí, ilé ìwé ni, kì í ṣe ilé eré." Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é ní ti gidi, báwo lẹ ṣe ń fi iṣẹ́ ọnà kọ́ ohun tó wà nínú sìkíìmù, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ wa, tí kò fi ní í jẹ gbogbo píríọ́dù? Mi ò ní kírẹyọ̀n, mi ò ní pépà aláwọ̀, mi ò sì lè kọrin. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín làwọn ọmọ máa ń rín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fídíò kíláàsì àwọn òyìnbó ránṣẹ́ sí mi. Mo ti wò wọ́n tán.


Ìyá Oníko dáhùn:

Àbúrò mi, mo kí ẹ o. Ọdún 31 ni mo lò nídìí pátákó kí n tó fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí yìí kì í ṣe àwàdà. Ìyá mi ń di àdìrẹ oníko, èyí tí a ń fi ìko so kí á tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ìko kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ó kún orí àga, a sì ti bá a nínú ọbẹ̀ rí.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yẹn ti wọ́. Kò sí ìṣirò nínú àwòrán yẹn. Ọmọ lè ya búrẹ́dì tí itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹni kó má mọ ìdámẹ́rin, ó sì lè mọ ìdámẹ́rin bí ẹni mọ owó kó má lè ya àgbàdo. Ṣe lo wé gèlè fún ìṣirò. Gèlè dára, mo ní tó ogún, ṣùgbọ́n bí a bá tú u tán, orí ọ̀hún náà la máa bá níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tí mo máa ń wá fún kíláàsì ni èyí tó jẹ́ pé ìṣirò ló gbé e ró, tó jẹ́ pé bí ìṣirò bá yẹ̀, iṣẹ́ náà á bàjẹ́ lójú gbogbo èèyàn.

Inú àdìrẹ ni mo ti rí tèmi. Kí ìyá mi tó mú ìko, á ká aṣọ sí méjì, á tún un ká, á tún un ká, á di pelebe lọ́wọ́ ẹ̀. Á wá bi mí pé, "Bí mo bá so ẹyọ kan níbí, mélòó lo máa rí tí a bá tú u?" Bí mo bá gbà á, ó dáa. Bí mi ò bá gbà á, á ní kí n lọ pọn omi wá ná. Mo pọn omi púpọ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìdá ni mo ń kọ́.

Bí mo ṣe gbé e wọ kíláàsì rèé. Má gbé aró dé ilé ìwé o. Zobo ni mo lò, mo bọ̀ ọ́ títí ó fi dúdú, mi ò fi ṣúgà sí i nítorí èèrà, àti nítorí àwọn tí ì bá mu ún. Tíṣù funfun tó dọ́gba ní òró àti ìbú, ẹyọ kan fún ọmọ méjì; pépà inú ìwé kì í tètè fa omi. Wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kan ní òró, ìlàjì nìyẹn. Wọ́n ká a ní ìbú, ìdámẹ́rin. Wọ́n tún un ká lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú u wò. Èmi fúnra mi ni mo gbé ife zobo, mo ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì, mo ń fi ìyẹ́ adìyẹ kán an sí àárín gbùngbùn tíṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn náà ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó lè dé ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tó tú u, oníkálukú gbọ́dọ̀ kọ iye ojú pupa tó rò pé òun máa rí sínú ìwé.

Má ṣe fo kíkọ yẹn o. Òun ni iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn kan kọ 3, torí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ká a. Àwọn tó pọ̀ jù kọ 6: méjì, méjì, méjì. Wọ́n tú u, wọ́n bá 8. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi ẹnu sọ ọ́ fún àwọn ọmọ pé kíká sí méjì yàtọ̀ sí fífi méjì kún un, tí wọ́n ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí" bí ẹni ń ṣe àmín.

Ọmọkùnrin kan nìkan ló dìde tó ń pariwo pé, "Àǹtí, mo gbà á! Mẹ́fà ni tèmi!" Mo lọ wò ó. Mẹ́fà ni lóòótọ́. Mo tún un kà. Mẹ́fà. Mo ní kó jókòó, n ó dá a lóhùn lọ́la, torí pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo délé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú odidi páálí tíṣù kan, ọkọ mi ní ṣé kò sí o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ yẹn ti sún tíṣù rẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, igun ni zobo kán sí. Bó bá sì ti jẹ́ igun, o ò ní í rí 8 láéláé. Igun kan á fún ẹ ní 6, èkejì á fún ẹ ní 4, ìkẹta 3, ìkẹrin 2. Ká tíṣù kan báyìí kó o dán an wò.

Ìpele mẹ́jọ náà ni zobo gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ní igun, ìdámẹ́rin ojú roboto kan ló máa ń wà lára ìpele kọ̀ọ̀kan. Níbi tí tíṣù ti ká lọ́nà kan, méjì á lẹ̀ mọ́ra di ìlàjì. Níbi tó ti ká lọ́nà méjì, mẹ́rin á lẹ̀ mọ́ra di odidi. Igun tó mú 2 wá, odidi méjì ni. Èyí tó mú 4 wá, ìlàjì mẹ́rin ni. Èyí tó mú 3 wá, odidi kan láàárín àti ìlàjì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ti ọmọ yẹn, ìdámẹ́rin mẹ́rin ní igun tíṣù àti ìlàjì méjì ní ẹ̀gbẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára pátákó, mo ní kí wọ́n rò ó pọ̀. Odidi méjì. Odidi méjì. Odidi méjì. Nígbà tí a dé orí ti ọmọ yẹn, gbogbo kíláàsì ló jọ fi ohùn kan kígbe ẹ̀. Bí a ṣe ro ìdá pọ̀ nìyẹn, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni sìkíìmù fún un.

Ìṣẹ́jú 25 ni gbogbo ẹ̀ gbà lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá ọmọ kan gbé yúnífọ́ọ̀mù wá, ojú pupa mẹ́ta ní àyà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fọ̀ ọ́ fúnra mi, kò lọ tán.


Bàbá Ìbejì dáhùn:

Ẹ má bínú sí mi o, Màmá. Mo gbádùn ìtàn yín. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lèmi wà, pírámárì 5. Àwọn òbí tó ń san owó wa, ìwé ni wọ́n ń ṣí. Bí wọn ò bá rí iṣẹ́ tí a máàkì níbẹ̀, wọ́n á ní a kò kọ́ ọmọ àwọn. Kọ́mọ́ọ̀n Ẹ́ńtíráǹsì ń bọ̀, kò sì sí zobo nínú ẹ̀.

Èyí tí àwa ń ṣe kì í gba àkókò: orin la fi ń kọ́ wọn ní tábìlì ìsọdipúpọ̀. Láti 2 dé 12, wọ́n mọ̀ ọ́n láìwo ìwé. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe iṣẹ́ ọnà ni?


Ìyá Oníko dáhùn:

Bàbá Ìbejì, mi ò bínú rárá. Ẹni tó bá ti máàkì ìwé 58 rí kò lè bínú sí yín. Tíṣù yẹn, bó bá gbẹ, ẹ ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé, kí wọ́n kọ ìdá tó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máàkì í. Òbí á rí i, á tún fi han aládùúgbò.

Mi ò sì ṣe é lójoojúmọ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan lórí àkòrí kan, níbi tí mo bá ti mọ̀ pé wọ́n ti máa ń ṣubú. Àwọn ọjọ́ yòókù, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni, bíi ti gbogbo ayé.

Orin tábìlì yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ẹ pe ọmọ kan síta, ẹ bi í ní 7 lọ́nà 6, ẹ wá máa wo ètè ẹ̀. Á máa mì wúyẹ́wúyẹ́: ìdí orin ló ti ń bọ̀, ó ń sáré kó lè dé ibi tẹ́ ẹ wà. Bí ẹ bá já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀ lójú ọ̀nà, ó di kó padà lọ bẹ̀rẹ̀. Èmi náà kọ ọ́ fún ọdún bíi mẹ́wàá kí n tó kíyè sí ètè wọn. Ẹ má pa orin náà tì, ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi dá ara yín lójú pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ìró lè ṣe dáadáa ni èyí. Ẹ pín kíláàsì sí méjì, kí gbogbo wọn jọ máa kà láti 1. Àwọn apá òsì á máa pàtẹ́wọ́ lórí gbogbo nọ́ńbà kejì, àwọn apá ọ̀tún á máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí gbogbo nọ́ńbà kẹta. Ẹ ní kí wọ́n sọ nọ́ńbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti jọ dún pa pọ̀. Wọ́n á ní 6, 12, 18. Ẹni tó bá ti bá onílùú jókòó rí á mọ̀ pé méjì àti mẹ́ta tó ń lé ara wọn yìí kì í ṣe àjèjì sí etí ọmọ Yorùbá. Ẹ wá bi wọ́n ní ti 4 àti 6 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Tèmi pariwo pé 24, torí pé 4 lọ́nà 6 ni. Wọ́n lù ú, wọ́n pàdé ní 12, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn. L.C.M. tẹ́ ẹ ń wá nínú Kọ́mọ́ọ̀n Ẹ́ńtíráǹsì nìyẹn, nọ́ńbà tó kéré jù tí a lè fi 4 àti 6 pín láìṣẹ́kù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí zobo.

Àbúrò mi tí kò lè kọrin, má dààmú. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni mo máa fi dá ẹ lóhùn. Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì nígbà kan, ìdílé àyàn ni wọ́n ti bí i, ìwé kíkà kò yá a lára rárá. Mo ní kó mú gángan kékeré wá lọ́jọ́ Tuesday. Àwọn yòókù kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, ó ń lù ú, wọ́n ń kọ àmì. Igba, igbá, igbà, ìgbà, ìgbá: èyí tí a ń kà, èyí tí a fi ń bu omi, èyí tí a fi ń gun ọ̀pẹ, èyí tó jẹ́ àkókò, èyí tí à ń jẹ. Àwọn ọmọ tó ti ń fi àmì wọ́n ọ̀rọ̀ bí ẹni wọ́n iyọ̀ láti pírámárì 2, wọ́n gbà á márààrún.

Ó wá lu dò-mí nìkan, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè, mo ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́. Ìwé. Ìlú. Ọ̀gá. Ìyá. Ọ̀rẹ́. Ẹnì kan ní àga, ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́yìn ní, "Irọ́ ni, àga kì í gòkè." Mi ò fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan wá béèrè pé tí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó báyìí bá wà nínú ẹyọ ìlù kan, báwo lọba ṣe ń mọ ohun tí onílùú ń sọ? Ọmọ àyàn yẹn ló dá a lóhùn. Ó ní bàbá òun kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbólóhùn gígùn ló máa ń lù, kí èyí tó ṣáájú lè tú èyí tó tẹ̀lé e. Ọmọ tó wà ní ipò ìkẹtàdínlọ́gọ́ta nínú kíláàsì!

Òun náà ló sọ pé, "Àǹtí, ọwọ́ mi kì í fún ọṣán le níbẹ̀rẹ̀." Ó ti kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ tó bá fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ kì í fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀. Mo ní òótọ́ ni. Ẹnì kan ní, "Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?" Mo ní ọ̀rọ̀ àlejò ni. Ó ní, "Íńkì ńkọ́?" Mo ní àlejò ni. Títí dìgbà tí ilé ìwé fi parí ni wọ́n ń wá àlejò bọ̀ lọ́dọ̀ mi.


Olùkọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì dáhùn:

Díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un. HM yín kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ "ilé eré" yìí; ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ọnà ti ń wá àyè nínú ilé ìwé. Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ni ẹni tó ń rọ ìjọba àwọn òyìnbó kí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà sínú ilé ìwé, òun náà sì ń kọ́ ọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé l'Ékòó láti àwọn ọdún 1920. Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, dé ní 1927 láti wá bá wọn kọ́ ọ, ọ̀nà wọn kò sì papọ̀: Onabolu fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè ya ohun tó rí bí òyìnbó ṣe ń yà á, Murray ní iṣẹ́ ọwọ́ ilé wọn ni kí wọ́n dì mú. Méjèèjì ló ní ìdí tiẹ̀. Ohun tó jẹ yọ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọnà gba píríọ́dù tirẹ̀, ó gba máàkì tirẹ̀, ó sì jókòó sí kọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí di òní.

Èkejì: ẹ kíyè sí i pé Yorùbá ni Màmá fi kọ́ ìdá. Ìdámẹ́rin ti sọ fún ọmọ pé mẹ́rin ló wà níbẹ̀. "Quarter" kò sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn: kí ọmọ fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko.


Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn dáhùn:

Èmi kì í ṣe tíṣà o, aṣọ òkè ni mo ń fi òfì hun. Ọ̀rọ̀ yín ló mú mi wọlé.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan pè mí ní ọjọ́ àṣà wọn, wọ́n ní kí n gbé òfì wá. Òfì kì í ṣe báàgì o, ọkọ̀ ni mo háyà. Mo jókòó láti aago 9 títí di aago 2, wọ́n ń bá mi ya fọ́tò. Kò sí ọmọ kan tó bi mí ní nǹkan kan, torí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kan òfì bàbá. Ráìsì ni wọ́n fún mi pé kí n fi gbéra.

Bí wọ́n bá ní kí n bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, ohun tí ǹ bá bi wọ́n rèé. Aṣọ òkè kì í fẹ̀ láti orí òfì, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ là ń hun ún, tèmi máa ń tó íǹṣì 4, a sì ń rán an pọ̀. Ìyàwó kan ń fẹ́ ìró, íǹṣì 72 ní fífẹ̀, íǹṣì 44 láti ìbàdí délẹ̀. Ṣé kí n to ó ní ìdúró ni, àbí kí n tò ó ní ìdùbúlẹ̀? Bó bá jẹ́ ìdúró, tẹ́ẹ́rẹ́ 18 ni, íǹṣì 44 ní gígùn. Bó bá jẹ́ ìdùbúlẹ̀, 11 ni, íǹṣì 72 ní gígùn. Ẹ ṣe é wò: yáàdì 22 ni ọ̀nà méjèèjì. Owó híhun mi kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìránpọ̀ 17 ni aránṣọ máa rán ní ọ̀nà kìíní, 10 péré ní ọ̀nà kejì. Aránṣọ á mọ èyí tó fẹ́, ìyàwó á mọ bó ṣe fẹ́ kí ìlà aṣọ òun lọ, èmi á wà láàárín. Ọmọ pírámárì 5 lè bá wa dá ẹjọ́ yẹn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ pe ahunṣọ tàbí onílùú wá, ẹ san owó fún un bí ẹ ṣe ń san fún oníkọ̀ǹpútà.


Olùkọ́ Sátidé, Lọ́ńdọ̀nù dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé ni mo ń ṣe níhìn-ín, ọmọ 11, wákàtí méjì. Mi ò ní gángan. Ara wọn ni mo lò: ọwọ́ lórí fún mí, ọwọ́ láyà fún re, ọwọ́ lórúnkún fún dò. Ìka làwọn kan kọ́kọ́ ń gbé torí ojú ń tì wọ́n, ṣùgbọ́n ìka kò tó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ gbogbo ara.

Ọmọbìnrin kan wà tí orúkọ ẹ̀ jẹ́ re-dò. Mí-dò ni wọ́n ń pè é nílé ìwé òyìnbó, òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹ̀ sọ fún mi pé ó lọ dúró níwájú tíṣà ẹ̀ níbẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà, ó fọwọ́ kan orúnkún, ó ní kí ó tún un pè.


Tíṣà Kíláàsì 4 padà wá:

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dákẹ́ torí mo fẹ́ dán an wò kí n tó sọ̀rọ̀.

Ìyá wa Oníko, mo kọ́kọ́ ṣe é nílé. 6, 4, 3, 2. Aago 11 alẹ́ ni mo fi sùn. Ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ kò lọ bí tiyín. Afẹ́fẹ́ gbé tíṣù bíi mẹ́sàn-án gba ojú fèrèsé lọ, fèrèsé wa kò ní gíláàsì. Mo pàṣẹ kí wọ́n fi rúlà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn tó ní rúlà kò sì ju méjìlá lọ, ni wọ́n bá fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u, ariwo yẹn! Ọmọ tó sọ pé búrẹ́dì ni ìdámẹ́rin ló kọ 8 kó tó tú u, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní àǹtí òun ń ta aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ká a.

HM wọlé. Mo ti ń wá ohun tí n ó sọ. Ó mú tíṣù kan, ó ká a lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní kí ọmọ kan sọ mélòó ló máa jẹ́. Ọmọ náà ní 16. HM tú u, ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó kó o sínú àpò, ó jáde. Kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì ó béèrè lẹ́sìn nóòtì mi, ó sáìn ín.

Ti àtẹ́wọ́ 4 àti 6 yẹn, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń dàrú ní 8. Bóyá 58 pọ̀ jù láti jọ kà. Ọmọ ogún ni mo máa lò nígbà mìíràn, kí àwọn yòókù máa ṣọ́ wọn. Onílùú ni mi ò tíì rí, ọwọ́ lórí ọwọ́ láyà ti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń lò, kò sì sẹ́ni tó ń rín mi.

Ìbéèrè kan ló kù. Owó zobo ti lọ sókè, àpò ara mi sì ni mo fi rà á. Ewé tíìkì kún ẹ̀yìn ilé ìwé wa, àwọn ọmọ máa ń fi í pa ọwọ́ wọn pupa. Ṣé ó ṣe é lò?


Ìyá Oníko dáhùn:

Ó ṣe é lò dáadáa. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú ni kó o já, àgbà ewé kì í mú àwọ̀ wá tó bẹ́ẹ̀. Rún un pẹ̀lú omi díẹ̀, fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ṣe é láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì o, torí pé ọwọ́ ẹ kò ní í funfun títí di ọjọ́ Ajé.